Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Kòkòrò Funfun Abẹ́ Ewé Máńgòrò

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí kì í ṣe ti owó yíyá tàbí ti ìpín èrè, ṣùgbọ́n ó kan àpò wa, ó sì kan ilé wa.

Ọ̀pọ̀ àgbàlá ní Agége, Ọ̀gbà àti Ìkẹjà ló ní igi máńgòrò. Abẹ́ rẹ̀ la ti ń pàtẹ, abẹ́ rẹ̀ náà la ti ń sinmi. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí i tí ewé rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Páànù orí ilé á dúdú, aṣọ tí a sá á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Àwọn kan á ní, "Èéfín ilé-iṣẹ́ nì yẹn." Ní àdúgbò bíi tiwa, ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó dá ẹjọ́, ẹ yí ewé náà padà. Bí ẹ bá rí kòkòrò kéékèèké funfun lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé a bu láfún sí i, ọ̀daràn náà nì yẹn.

Ibo ló ti wá?

Ilẹ̀ Éṣíà ni. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Rastrococcus invadens. Ní nǹkan bí 1981 sí 1982 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní Gánà àti Tógò. Lẹ́yìn náà ó dé Orílẹ̀-èdè Benin, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa. Abo rẹ̀ kò ní ìyẹ́. Ara igi tí a fẹ́ gbìn, ewé àti èso tí a ń gbé kiri ló fi ń rìnrìn àjò.

Omi ara igi ló ń fà mu. Èyí tó bá ṣẹ́kù á jáde lára rẹ̀ bí oyin, á máa kán sílẹ̀. Lórí omi dídùn yìí ni ohun dúdú nì ti ń hù, á bo ewé, kò ní jẹ́ kí oòrùn kàn án. Igi bẹ́ẹ̀ kò lè so dáadáa. Ó ń bá ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà jà.

Ta ló borí rẹ̀?

Oògùn kọ́ o. Agbọ́n kékeré kan ni, tí wọ́n ń pè ní Gyranusoidea tebygi. Íńdíà ni àwọn onímọ̀ ti rí i, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Tógò ní 1987. Kò tó èèrà, kì í sì í ta ènìyàn. Inú ara kòkòrò funfun ló ń yé ẹyin sí. Ọmọ rẹ̀ á jẹ ẹ́ láti inú títí yóò fi kú. Ìwádìí kan tó jáde ní 2002 fi hàn pé àgbẹ̀ máńgòrò kọ̀ọ̀kan ní Benin ń jèrè nǹkan bí dọ́là 328 lọ́dún nítorí iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta gààrí, irú rẹ̀ ló gba ẹ̀gẹ́ là. Kòkòrò funfun mìíràn wọ ilẹ̀ Kóńgò ní 1973, ó sì ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ gan-an ní Áfíríkà. Ní 1981, IITA ní Ìbàdàn tú agbọ́n tí wọ́n mú láti Paraguay sílẹ̀. Dókítà Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995.

Ibi tí ewu wà

Ẹni tó bá gbé oògùn líle fín igi, agbọ́n tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń pa. Ẹfun ara kòkòrò funfun ń dáàbò bò ó. Láìpẹ́ á tún pọ̀, kò sì ní sí ọ̀tá mọ́. Oògùn náà á kán sínú kànga, sórí àtẹ oúnjẹ, sára ọmọdé. NAFDAC dá títa ìgò kékeré dichlorvos dúró ní 2019.

Ohun tí a ó ṣe

1. Ẹ máa yẹ abẹ́ ewé wò, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.
2. Ẹ gé ẹ̀ka tó bá ti kún jù. Ẹ má ṣe jù ú sí títì tàbí sí àgbàlá ẹlòmíràn.
3. Fún igi kékeré, ẹ po ṣíbí tíì kan ọṣẹ olómi mọ́ lítà omi kan, kí ẹ fi fọ abẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ewé díẹ̀.
4. Èèrà ń lá omi dídùn nì, ó sì ń lé agbọ́n. Ẹ fi àkísà wé ìdí igi, kí ẹ fi gíríìsì pa àkísà náà. Èèrà kò ní lè gùn ún.
5. Ẹni tó ń ta igi gbígbìn tàbí tó ń rà á, kó yẹ ewé rẹ̀ wò kó tó gbé e sọ́kọ̀.

Kò sí ìlú tí èyí kò kàn. Ní 2014, wọ́n rí kòkòrò kan láti ilẹ̀ Ṣáínà ní Pennsylvania, Amẹ́ríkà. Òun náà ń fa omi igi, ó sì ń yé ẹyin sára òkúta àti ọkọ̀. Ẹrù oníṣòwò ni irú wọn ń bá rìn.

Bí ẹnì kan bá tọ́jú igi tirẹ̀, tí aládùúgbò kò tọ́jú tirẹ̀, kòkòrò á padà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé: Ta ló ní igi tó dúdú ní àdúgbò wa? Kí ni wọ́n ti fín sí i? Ọjọ́ wo ni a lè jọ yẹ gbogbo rẹ̀ wò?