Ẹ̀KỌ́ INÚ ILÉ: BÍ LÁPTỌ́Ọ̀PÙ BÁ KỌ̀ LÁTI GBA WI-FI

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí láptọ́ọ̀pù tí kò gba íntánẹ́ẹ̀tì Wi-Fi inú ilé mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ará ìlú ńlá nìkan. Láti inú oko níbí ni àwọn ọmọ wa ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí olùkọ́. Bí ẹ̀rọ bá daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ yóò parí, ọdún kan gbáko lè bá a lọ.

Ó ti ṣẹlẹ̀ ní ilé tiwa rí. Ọmọ wa ní iṣẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù kò rí Wi-Fi kankan. Ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ìlú sọ pé inú rẹ̀ ti bàjẹ́, kí a lọ mú owó wá. A ti gbé àpò ẹ̀gúsí méjì síta láti tà kí aládùúgbò wa kan tó rí i pé ọmọ kékeré ló ti tẹ bọ́tìnì tí ó ní àwòrán bàálù. Ó tún un tẹ̀, Wi-Fi sì padà. Láti ọjọ́ náà ni a ti pinnu pé ìwádìí ni yóò máa ṣáájú ìnáwó.

ÌDÁNWÒ ÀKỌ́KỌ́

Òpó ilé-iṣẹ́ tí a ra síìmù rẹ̀ dà bí odò. Ráútà, tàbí MiFi kékeré tí a ń ki síìmù bọ̀, dà bí ẹni tí ó lọ pọnmi wálé. Láptọ́ọ̀pù ni ìkòkò. Bí ìkòkò bá gbẹ, kò túmọ̀ sí pé ìkòkò ti fọ́. Odò lè gbẹ, apọnmi sì lè má tíì dé.

Nítorí náà, ẹ mú fóònù kan, ẹ pa dátà tirẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ Wi-Fi ilé, kí ẹ sì ṣí ìkànnì kan. Bí ẹ kò bá pa dátà fóònù náà, ó lè máa lo ti ara rẹ̀, kí ó sì tàn yín jẹ.

BÍ FÓÒNÙ PÀÁPÀÁ KÒ BÁ GBÀ Á

Ẹ má tíì fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù.

1. Ẹ wò ó bóyá iná wà lára ráútà. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ráútà kò ní. Bí iná bá lọ, ráútà yóò kú, láptọ́ọ̀pù yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

2. Ẹ wò ó bóyá dátà ti tán. Wi-Fi lè hàn dáadáa kí dátà má sí, nítorí pé ọ̀nà láti ráútà dé láptọ́ọ̀pù nìkan ni Wi-Fi.

3. Ẹ yọ ráútà kúrò lára iná fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ sì ní sùúrù díẹ̀. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún ihò kékeré ara rẹ̀ o. Ìyẹn lè pa gbogbo ètò inú rẹ̀ rẹ́.

4. Ẹ gbé e sí ibi gíga lẹ́bàá fèrèsé. Páànù àti ilẹ̀kùn onírin a máa dí i lọ́nà.

BÍ FÓÒNÙ BÁ GBÀ Á, TÍ LÁPTỌ́Ọ̀PÙ KỌ̀

1. Ẹ wo bọ́tìnì bàálù. Àwọn láptọ́ọ̀pù àtijọ́ mìíràn ní bọ́tìnì Wi-Fi kékeré ní ẹ̀gbẹ́.

2. Ẹ yan Restart, kí ó kú kí ó sì jí.

3. Ẹ yẹ páswọ́ọ̀dù wò. Lẹ́tà ńlá àti kékeré kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí a bá ti yí páswọ́ọ̀dù ráútà padà, láptọ́ọ̀pù lè ṣì máa lo ti àná. Lórí Windows 10 tàbí 11, ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ Wi-Fi náà, ẹ yan Forget, kí ẹ tún un so.

4. Bí fóònù bá rí orúkọ Wi-Fi tí láptọ́ọ̀pù kò rí i, ó lè jẹ́ pé 5 GHz ni ráútà ń lò. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kò mọ̀ ju 2.4 GHz lọ. Ẹ yí ráútà sí 2.4, ó tilẹ̀ ń rìn jìnnà jù.

5. Bí ó bá so pọ̀ ṣùgbọ́n tí ìkànnì ń kìlọ̀ ewu, ẹ wo ọjọ́ àti aago. Láptọ́ọ̀pù tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ lè padà sí ọdún àtijọ́, ìkànnì kò sì ní gbà á wọlé.

BÍ ÀKÓKÒ BÁ TI LỌ

Ẹ fi okùn USB tí ń gbé dátà so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ tan dátà fóònù, kí ẹ sì yan USB tethering lórí rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì yóò gba inú okùn wọlé láìlo Wi-Fi. Kí ọmọ fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ ná. Àtúnṣe lè dúró di ọ̀la.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀTÚNYẸ̀WÒ

1. Kí ni ìdí tí a fi ń pa dátà fóònù kí a tó ṣe ìdánwò?
2. Iná lọ, láptọ́ọ̀pù ṣì ń ṣiṣẹ́, Wi-Fi kò sí. Kí ni ẹ ó kọ́kọ́ wò?

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka ẹ̀kọ́ yìí sókè fún gbogbo ilé, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Bí ẹ bá ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò tí kò ṣeé ṣe, ìgbà náà ni kí ẹ wá ẹni tí ń tún un ṣe lọ.