Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ ÌDÁRAYÁ NÍGBÀ KÓNÍLÉ-Ó-GBÉLÉ

Ẹ̀kọ́ yí jẹ mọ́ ìlera ara. A fẹ́ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbàlagbà Ìkẹjà àti Agége li ọdún 2020, nígbàtí àrùn kòrónà sé wa mọ́lé, kí a lè mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe bí irú ìgbà bẹ̃ bá tún dé.

1. Bí ọ̀ràn nã ti rí. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù March, 2020, ni àṣẹ Ààrẹ Muhammadu Buhari múlẹ̀, pé kí àwọn ará Èkó, Ògùn àti Abuja jókòó sílé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a kọ́kọ́ pè é. Ṣùgbọ́n a fi kún un, ó sì di ọjọ́ 4 oṣù May kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí dẹ okùn rẹ̀. A yọ̀nda fún àwọn ilé-iṣẹ́ oúnjẹ àti ti oògùn. Ọ̀pọ̀ àwọn yókù ti ilẹ̀kùn wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí i pé òṣìṣẹ́ Agége kì í sábà wí pé òn nṣe eré ìdárayá. Ẹsẹ̀ tí ó nfi rìn lọ sí ibùdókọ̀, ìdúró rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, àti ẹrù tí ó ngbé, àwọn ni ìdárayá rẹ̀. Bákannã ni fún obìnrin tí nru ọjà. Nígbàtí iṣẹ́ dúró, gbogbo ènìà li ó rí i pé owó dúró. Àwọn díẹ̀ li ó rí i pé ara pẹ̀lú ti dúró.

2. Ewu ìjókòó. Iṣan ara a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣiṣẹ́. Bí iṣan bá wà láìṣiṣẹ́, ṣúgà a máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn, tí òn pẹ̀lú jẹ́ iṣan, a sì máa rọ. Nítorínã, ẹnití ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ li ó yẹ kí ó ṣọ́ra jù. Irú wọn ni àrùn kòrónà sì nhan léèmọ̀ jù. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi nwọ ọgbà.

3. Àṣejù. Li oṣù April nã, àwọn kan l'Èkó jáde lọ́pọ̀ ènìà láti sáré ní títì, títí ọlọ́pàá fi mú nínú wọn. Ìdárayá dára, ṣùgbọ́n nípa èémí ni àrùn nã fi nràn. Nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀pọ̀ ìdílé sì njọ lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ohun tí ọ̀dọ́ kó wálé láti ìta lè pa arúgbó ilé.

4. Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Ní oṣù November, 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn àgbàlagbà nímọ̀ràn pé kí nwọ́n máa lo ara fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 li ọ̀sẹ̀ kan, kí nwọ́n sì ṣe iṣẹ́ tí nfún iṣan li ágbára ní ọjọ́ 2 ó kéré tán. Ìṣẹ́jú 30 li ọjọ́ 5 ti tó 150. A lè pín in sí mẹ́wã mẹ́wã. Kí a rìn nínú àgbàlá ní kùtùkùtù, kí àwọn ènìà tó pọ̀ níbẹ̀. Kí a máa gbé ẹsẹ̀ lójú kan nínú yàrá. Kí a jókòó lórí àga kí a sì dìde nígbà mẹ́wã. Kí a fi ọwọ́ méjèjì ti ògiri. Kí a pọn omi. Bí aládũgbò bá wà níta, kí mítà 2 wà lãrin wa.

Ẹnití ebi npa, tàbí ẹnití ó ṣọ́ òru nítorí àwọn ọmọ ìta, bí ọ̀pọ̀ ti ṣe ní Agége, kí ó sinmi ná, kí ó sì rìn jẹ́jẹ́. Bí àyà bá ndun ni, kí a dáwọ́ dúró kí a sì lọ rí oníṣègùn.

Àṣẹ ìjọba nígbà nã ni pé kí a takété síra wa; kò sí àṣẹ tí ó ní kí ẹsẹ̀ wa kú.

Ìbéèrè fún àwọn olùkọ́: (1) Níbo ni òṣìṣẹ́ ti nrí ìdárayá kí iṣẹ́ tó dúró? (2) Kí ni ṣúgà nṣe nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnití ó jókòó pẹ́? (3) Kí olúkúlùkù sọ ọ̀nà kan tí òn lè gbà lo ara nínú ilé tirẹ̀.