Ìwé oògùn méjì

Ibà mú ìyá kan. Dókítà kọ Doliprane fún un. Lọ́jọ́ kejì, eyín tún ń dùn ún. Dókítà eyín kọ Efferalgan, èyí tó ń hó nínú omi. Ìyá kò sọ̀rọ̀ oògùn àkọ́kọ́ fún un.

Ní fámásì, ó kó ìwé méjèèjì sílẹ̀. Apoògùn kà wọ́n, ó ní: “Ìyá, ẹ dúró ná. Orúkọ wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n oògùn kan náà ni: parasetamọ́ọ̀lù.”

Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lo ju hóró 8 ti 500 miligíráàmù lọ láàárín wákàtí 24. Bí ó bá pọ̀ jù, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè pa ènìyàn. Ewu ibẹ̀ ni pé kì í tètè hàn lára.

Apoògùn pe dókítà eyín lórí tẹlifóònù. Wọ́n fẹnu kò sí ẹyọ kan.

Hóró ojú ọjà tí kò ní páálí ńkọ́? Apoògùn pàápàá kò lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ kó gbogbo oògùn yín dání, kí ẹ sì dárúkọ àgbo tí ẹ ń mu.

Ìbéèrè: Oògùn wo ló wà nílé yín lónìí? Ta ló kọ ọ́ fún yín?