Bí A Ṣe Ń Mú Àwọ̀ Tàdáwà Bára Mu ní Ilé Ìtẹ̀wé

Nígbà tí ènìyàn bá lọ ra oògùn tàbí mílíìkì alágolo, kì í sábà ka gbogbo ohun tí a kọ sí ara rẹ̀. Àwọ̀ páálí tàbí ti bébà tí a lẹ̀ mọ́ agolo ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń dá mọ̀. Bí páálí oògùn méjì tí ó yẹ kí ó rí bákan náà bá wà lórí àtẹ, tí ọ̀kan sì pọ́n ju èkejì lọ, ẹni tí ó fẹ́ rà á lè bẹ̀rẹ̀ sí fura pé ayédèrú ni ọ̀kan nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ pé ojúlówó ni méjèèjì, tí ó jẹ́ pé ilé ìtẹ̀wé ni kò mú àwọ̀ wọn bára mu. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àwọ̀ tàdáwà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Ọ̀rọ̀ owó sì ni pẹ̀lú, nítorí pé bí àwọ̀ kò bá bá àdéhùn mu, ẹni tí ó gbé iṣẹ́ wá lè kọ̀ ọ́, bébà àti tàdáwà yóò sì di òfò mọ́ atẹ̀wé lọ́wọ́.

Ìṣòro kìíní ni pé orúkọ nìkan kò tó láti fi ya àwọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Pupa ni a ń pe ẹ̀jẹ̀. Pupa ni a ń pe epo. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dúdú ni a sì ń pè ní ènìyàn pupa. Síbẹ̀, ojú mọ̀ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò rí bákan náà. Irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ wà láàárín àwọn atẹ̀wé ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, nítorí pé olúkúlùkù àwọn tí ń ṣe tàdáwà ni ó ní àpẹẹrẹ àwọ̀ tirẹ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lawrence Herbert, tí ó ra ilé iṣẹ́ Pantone ní ọdún 1962, ni ó wá ojútùú sí i. Ní ọdún 1963, ó gbé ìwé kan jáde tí ó ń ṣí bí abẹ̀bẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọ̀ ni a tẹ̀ sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀; ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, a sì kọ ìwọ̀n àwọn tàdáwà tí a óò pò pọ̀ láti rí i. Nípasẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ó wà ní Èkó lè dárúkọ nọ́ńbà kan fún atẹ̀wé tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kí àwọn méjèèjì sì mọ àwọ̀ tí wọ́n ń sọ.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn atẹ̀wé ń gbà mú àwọ̀ jáde. Ọ̀nà kìíní ni lílo tàdáwà mẹ́rin: búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní cyan, pupa tí ó fẹ́ jọ elésè àlùkò tí wọ́n ń pè ní magenta, àwọ̀ ìyeyè, àti dúdú. Ẹ̀rọ yóò tẹ wọ́n ní àmì róbótó kéékèèké tí ojú lásán kò lè yà sọ́tọ̀, ojú yóò sì pa wọ́n pọ̀ di àwọ̀ kan. Ọ̀nà kejì ni kí a po tàdáwà kan lọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà. Èyí ni ó dára fún àmì ilé iṣẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ yí padà, nítorí pé àwọn àwọ̀ kan wà tí tàdáwà mẹ́rin náà kò lè mú jáde, bí àwọ̀ ọsàn tí ó pọ́n dẹ̀dẹ̀ àti àwọ̀ wúrà tí ń dán.

Ẹni tí ó ń po tàdáwà kì í fojú díwọ̀n. Òṣùwọ̀n ni ó fi ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí. Tàdáwà tí ó mọ́lẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń gbé kalẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ń fi èyí tí ó ṣókùnkùn kún un díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ṣe òdìkejì, tí ó ń da ìyeyè sínú dúdú, ìyeyè yóò tán kí àwọ̀ náà tó yí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí ó bá pò ó tán, yóò fi díẹ̀ ra orí irú bébà gan-an tí a fẹ́ lò, yóò sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpẹẹrẹ.

Ohun mẹ́rin ni ó sábà máa ń tan ojú jẹ níbẹ̀. Èkíní ni bébà. Tàdáwà ìtẹ̀wé kì í sábà bo bébà mọ́lẹ̀ bí ọ̀dà ti ń bo ògiri. Ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá dé orí bébà, ó sì ń padà wá sí ojú. Nítorí náà, tàdáwà tí ó tàn yòò lórí bébà dídán yóò dà bí èyí tí ó ṣá lórí bébà ìwé ìròyìn tí ń fà á mu. Èkejì ni bí tàdáwà ti nípọn tó: bí ó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, àwọ̀ á ṣókùnkùn, bí ó bá fi díẹ̀ dín, àwọ̀ á ṣá. Ẹ̀kẹta ni gbígbẹ. Àwọn aláró ilẹ̀ Yorùbá mọ èyí dáadáa: aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró a máa rí bí àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń sọ ọ́ di búlúù. Tàdáwà pẹ̀lú kì í rí bákan náà ní tútù àti ní gbígbẹ; atẹ̀wé tí ó gbọ́n kì í dájọ́ kí ó tó gbẹ. Ẹ̀kẹrin, tí ó le jù, ni ìmọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ti ra aṣọ ẹbí lábẹ́ iná ìsọ̀ mọ̀ pé aṣọ méjì tí ó bára mu níbẹ̀ lè yàtọ̀ nínú oòrùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tàdáwà méjì tí a fi èròjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pò. Ìdí nìyí tí àwọn atẹ̀wé káàkiri ayé fi fẹnu kò pé abẹ́ iná kan tí a ṣe bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, tí a ń pè ní D50, ni kí a ti máa yẹ àwọ̀ wò.

Ojú ènìyàn pàápàá ní ààlà. Ó ń rẹ̀ ẹ́, àwọn ènìyàn kan sì wà tí kò lè ya pupa kúrò lára àwọ̀ ewé. Nítorí èyí ni a fi ṣe ẹ̀rọ spectrophotometer, tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ta padà láti ara àwọ̀. Ẹgbẹ́ àgbáyé kan lórí ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, tí a ń pè ní CIE, gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní ọdún 1976 tí ń fi nọ́ńbà mẹ́ta sọ àwọ̀: bí ó ti mọ́lẹ̀ tó, bí ó ti tẹ̀ sí pupa tàbí àwọ̀ ewé, àti bí ó ti tẹ̀ sí ìyeyè tàbí búlúù. Bí nọ́ńbà àwọ̀ méjì ti jìnnà síra tó ni a fi ń mọ bí wọ́n ti yàtọ̀ tó, atẹ̀wé àti oníbàárà sì lè fẹnu kò ṣáájú lórí ibi tí ìyàtọ̀ náà kò gbọdọ̀ kọjá.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ kò lé ojú kúrò lẹ́nu iṣẹ́; ó ń jẹ́rìí fún un ni. Ilé ìtẹ̀wé tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa kọ ìwọ̀n tí ó pò sílẹ̀, a sì máa tọ́jú ewé kan tí oníbàárà ti fọwọ́ sí síbi tí oòrùn kò lè dé, kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣá. Bí iṣẹ́ náà bá padà wá lẹ́yìn ọdún kan, kì í ṣe iyè ni wọn yóò gbára lé, bí kò ṣe àkọsílẹ̀ àti òṣùwọ̀n.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó fi hàn pé orúkọ àwọ̀ nìkan kò tó láti fi bá atẹ̀wé sọ̀rọ̀?
2. Kí nìdí tí a kì í fi í da tàdáwà tí ó mọ́lẹ̀ sínú èyí tí ó ṣókùnkùn?
3. Ṣàlàyé ohun mẹ́rin tí ó ń tan ojú jẹ.
4. Kọ àròkọ kúkúrú lórí ìlò òṣùwọ̀n nínú iṣẹ́ ọwọ́ kan tí ó wà ní àdúgbò rẹ.