Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Tó Ń Tọpasẹ̀ Ìran Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa, ìwé ìtàn ìdílé tó ti pẹ́ nílẹ̀ kò torí bẹ́ẹ̀ di òótọ́. Kẹ́ ẹ tó dà á kọ, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó kọ ọ́. Ìwé tí gbogbo wa ń tọ́ka sí jù, ìtàn Yorùbá ti Àlùfáà Samuel Johnson, ní ìtàn tirẹ̀ náà. Lọ́dún 1897 ni bàbá náà parí rẹ̀, ìwé náà sì sọnù sọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé nílùú òyìnbó. Johnson kú lọ́dún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò láti inú àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù, ọdún 1921 ló sì tó jáde. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni Johnson. Ṣé ó wá yà yín lẹ́nu pé Ọ̀yọ́ ló gba iwájú níbẹ̀? N kò bú u o. Bí kò bá kọ ọ́, ọ̀pọ̀ nǹkan ì bá ti rá. Ṣùgbọ́n ọmọ onílé ló ń ròyìn ilé.

2. Ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Òfin Ìjòyè Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà jáde lọ́dún 1957, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ orúkọ ìdílé tó ń jọba àti bí oyè yóò ṣe máa yí kiri sílẹ̀. Ìwé tó jáde láyìíká ìgbà náà lè jẹ́ ti ẹni tó ń wá oyè: bí oyè bá ṣófo, ta ni kì í rí bàbá ńlá?

3. Ẹ fi ìka ka ìran. Bí wọ́n bá ní ọdún 1600 ni wọ́n bí ẹni tó tẹ ìlú dó, tí orúkọ márùn-ún péré sì wà láàárín òun àti bàbá bàbá yín tí wọ́n bí lọ́dún 1900, a jẹ́ pé ẹni àádọ́ta ọdún ni kálukú wọn kó tó bí èyí tó tẹ̀ lé e. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan. Fún gbogbo wọn kẹ̀? Wọ́n ti fo àwọn kan ni. Ẹ tún wò ó dáadáa: ọkùnrin ló ń bí ọkùnrin látòkè délẹ̀, bí ẹni pé kò sí ìyá lágboolé. Ti ẹrú àti ìwọ̀fà tó di ọmọ ilé, ẹ rọra béèrè.

4. Ẹ lọ bá ìyàwó ilé tó dàgbà jù. Ó sábà máa ń mọ oríkì ju ọmọ bíbí ilé lọ. Bí ìwé bá ní Ifẹ̀ lẹ ti wá, tó sì jẹ́ pé “ọmọ Oníkòyí”, oríkì àwọn ará Ìkòyí, ló fi ń kí yín láàárọ̀, ìbéèrè délẹ̀.

5. Bí ìtàn méjì bá takora, ẹ ṣe bí ilé-ẹjọ́. Lọ́dún 1957 náà, nínú ẹjọ́ Kojo II àti Bonsie tó wá láti Gánà, àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí wọ́n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́, tó sì lẹ́rìí, wọn ìtàn ìṣáájú. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyẹn ni ta ló ń dáko lórí ilẹ̀ náà, ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀.

6. Ìwé méjì tó fẹnu kò sí ohun kan náà lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo. Bí àṣìkọ kan náà bá wà nínú méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí èkejì da ti àkọ́kọ́ kọ, tàbí kí méjèèjì da ìwé kan náà kọ.

7. Orúkọ tẹ́ ò tíì rídìí rẹ̀, pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì kọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.