Alágbàṣe Nígbà Tí Olóko Kò Sí Nítòsí

Ẹ ka II Àwọn Ọba 5: 20–27.

Gehasi kò jí owó ọ̀gá rẹ̀. Naamani fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un ní tálẹ́ńtì fàdákà méjì àti ìpààrọ̀ aṣọ méjì, ó tilẹ̀ rọ̀ ọ́ kí ó gbà á. Síbẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ni. Eliṣa ti kọ ẹ̀bùn náà, ìránṣẹ́ rẹ̀ sì lọ gbà á ní orúkọ rẹ̀. Nígbà tí a bi í ibi tí ó ti ń bọ̀, ó ní òun kò lọ sí ibìkan.

Irú ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí oko kòkó. Púpọ̀ nínú àwọn olóko ní ń gbé ìlú, tí àwọn alágbàṣe wọn sì wà ní abúlé. Àṣẹ tí olóko ń fi sílẹ̀ kò ṣòro: kí a kó hóró kòkó jọ, kí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ 5 tàbí 6, kí a máa yí i ní ọjọ́ méjì méjì, lẹ́yìn náà kí a sá a sórí ẹní tí a gbé ga kúrò nílẹ̀, títí yóò fi gbẹ dáradára. Bí oòrùn bá mú, sísá náà lè gba ọ̀sẹ̀ kan. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, yóò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alágbàṣe tí ó ń kánjú gba owó lè ká ewé kúrò ní ọjọ́ kẹta, kí ó sì wí fún olóko pé ọjọ́ mẹ́fà pé. Ta ni yóò mọ̀? Bí kòkó bá ti gbẹ, lójú lásán gbogbo rẹ̀ jọra. Ṣùgbọ́n ooru abẹ́ ewé ni ó ń dín kíkorò rẹ̀ kù, tí ó sì ń pilẹ̀ òórùn dídùn tí àwọn tí ń rà á ń wá. Nígbà tí aláyẹ̀wò bá fi ọ̀bẹ la 300 hóró ní gígùn, èyí tí a kò bò pẹ́ tó yóò ní àwọ̀ bí síléètì. Èyí tí a kó sápò ní tútù yóò ti bu. Bí irú kan nínú wọn bá ju 9 lọ, kòkó náà kò lè wà ní ipò kìíní mọ́.

Olóko ni yóò pàdánù. Alágbàṣe ti gba owó, ó ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́, ni a óò máa ka ọjọ́ fún bí ọmọdé. Ìyẹn ni ó burú jù lójú tiwa.

Bí olóko fúnra rẹ̀ bá ní kí a wọ́n omi sí kòkó kí ó lè wúwo lórí òṣùwọ̀n ńkọ́? Kí alágbàṣe fi ọ̀wọ̀ wí pé, “Bàbá, ẹ forí jì mí, n kò lè ṣe èyí.” Ó lè pàdánù iṣẹ́ nítorí rẹ̀, a kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ní ti ẹni tí òjò pa kòkó mọ́ lọ́wọ́, tàbí tí àìsàn kò jẹ́ kí ó yí i ní ọjọ́ rẹ̀, kí ó ránṣẹ́ sí olóko ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó sì kó o sí àpò ọ̀tọ̀. Àpò kan tí a yà sọ́tọ̀ ṣeé tà ní owó kékeré. Bí a bá dà á pọ̀ mọ́ èyí tí ó dára, gbogbo rẹ̀ ni a óò fi owó kékeré rà.