Ṣẹ́, Gé, Là: Àgbéyẹ̀wò Èdè Iṣẹ́ Igi Ìdáná ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ìfáàrà

Òwe kan ni ó bí iṣẹ́ yìí. Nígbà tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní òwe, a béèrè ìdí tí àwọn àgbà fi ní igi wọ́rọ́kọ́ ni í da iná rú. Gbogbo wọn mọ̀ pé oníwà burúkú ni òwe náà ń bá wí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí igi wọ́rọ́kọ́ ń ṣe nínú ààrò. Gáàsì ni ọ̀pọ̀ wọn bá nílé. Èrò wa ni pé olùkọ́ tí kò mọ iṣẹ́ igi yóò máa fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, gé, rọ́pò gbogbo ìyókù, yóò sì máa kọ́ òwe ní àkọ́sórí.

Ọ̀rọ̀-ìṣe àti irinṣẹ́

Ẹ̀ka gbígbẹ tí kò tóbi ni a ń ṣẹ́. Ọwọ́ tó o, bí kò bá sì tó o, àdá yóò ràn án lọ́wọ́. Igi ńlá ni a ń fi àáké gé. Ayùn ní tirẹ̀ ń rẹ́ igi ni. Lẹ́yìn tí a bá ti gé ìtì igi sí ìwọ̀n tí yóò gba ààrò ni a óò tó là á. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí. Alagi yóò kọ́kọ́ wo ojú ibi tí a ti gé igi náà, yóò wá ibi tí ó ti sán, ibẹ̀ ni yóò sì dojú àáké kọ. Kò ní bá ibi tí ẹ̀ka ti yọ jà, nítorí pé igi kì í là tààrà níbẹ̀.

Àáké àtijọ́ yàtọ̀ sí ti òde òní. Ìrù irin rẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ ń ṣe tí a fi ń kì í bọ inú ihò tí a lu sí orí èèkù. Bí a bá ṣe ń fi í gégi ni irin ń há sí i. Ní ti òde òní, irin ni ó ní ihò, èèkù ni a ń kì bọ̀ ọ́. Bí èèkù bá gbẹ, irin lè fò yọ. Ẹni tí ó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní dúró níwájú alagi.

Bí ìpajẹ fáwẹ̀lì bá wáyé, ṣẹ́ igi yóò di ṣẹ́gi, gé igi yóò di gégi, la igi yóò sì di lagi. Nínú èyí tí ó kẹ́yìn, ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí là ti di ohùn àárín nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó tẹ̀ lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ làgi ti ṣìṣe. Ẹ tún wo aṣẹ́gità: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ṣẹ́, igi, tà. Bí iṣẹ́ ṣe tẹ̀ lé ara wọn ni ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì tẹ̀ lé ara.

Igi lọ́jà

Ìdì ni a fi ń ta igi fún ẹni tí yóò rà á díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń dáná oúnjẹ tà ní àyíká Ọjà Ọba Òṣogbo, nítòsí ààfin Àtáọ́jà, kò ní kàn sanwó lásán. Yóò gbá igi méjì mọ́ ara wọn: gbígbẹ a máa dún kó, tútù a máa dún gbì. Yóò tún wo àárín ìdì. Igi wọ́rọ́kọ́ kan láàárín a máa fi àlàfo sílẹ̀, ìdì a sì tóbi lójú ju bí igi inú rẹ̀ ti pọ̀ tó lọ. Igi yìí kan náà, bí ó bá dé ààrò, kò ní jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sún mọ́ra, iná a sì tú ká. Òwe wa ti yé wa wàyí.

Ní Òṣogbo, ìlú aró, iná kíkú kọ́ ni òpin igi. Àwọn aláró ń sẹ́ omi eérú láti fi rẹ aró. Àyìn, igi ọ̀dàn, wà lára èyí tí wọ́n fẹ́ràn eérú rẹ̀. Kí olùkọ́ kíyè sí sẹ́ àti ṣẹ́ níbí: àmì kékeré abẹ́ s ni ó ya aláró sọ́tọ̀ kúrò lára aṣẹ́gi.

Nínú kíláàsì

A lè gbọ́ pé ayé igi ti kọjá. Ọ̀wọ́n gáàsì láàárín ọdún 2021 sí 2024 dá ọ̀pọ̀ ìdílé padà sídìí ààrò. A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni padà sínú èéfín o. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé ṣokùnfà ikú ènìyàn bí i mílíọ̀nù 3.2 ní ọdún 2020. Ọ̀rọ̀ ni a fẹ́ kó jọ kí àwọn tí ó ni ín tó lọ.

Kí olùkọ́ gbé ìdì igi kan wọ kíláàsì, kí ó tú u, kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ èyí tí a ṣẹ́, èyí tí a rẹ́ àti èyí tí a là, kí wọ́n sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe mọ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lọ bá àwọn ìyá oníigi ní Iléṣà àti àwọn abúlé àyíká rẹ̀. Fáwẹ̀lì u máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ ní ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà, ulé ni wọ́n ń pe ilé. Kí wọ́n kọ orúkọ igi, ti irinṣẹ́ àti ti ìdì sílẹ̀ gan-an bí àwọn ìyá bá ṣe pè é, pẹ̀lú àmì ohùn, kí wọ́n má tún un ṣe sí Yorùbá àjùmọ̀lò.